Ta Ló Gba 4,850 Náírà Mi?

Wọ́n tún yọ owó nínú àkáǹtì mi láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, bíi ti oṣù tó kọjá, bíi ti èyí tó ṣáájú rẹ̀: 4,850 náírà, kò lé, kò dín. Mi ò tíì bọ́jú tí àlẹ́ẹ̀tì fi dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí báńkì lórí owó yìí, mo ti kọ̀wé, mo ti fọwọ́ sí i, wọ́n tún wá yọ ọ́!

Oṣù tó kọjá ni àṣírí tú. Mo fẹ́ fi 60,000 ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń kó aṣọ àtíkù wá fún wa ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta. Mo mọ iye tó yẹ kó wà nínú àkáǹtì mi, nítorí èmi kì í fi owó aṣọ ṣeré: 63,000 àti owó wẹ́wẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, fóònù ní owó mi ò tó. Mo tún un tẹ̀. Owó mi ò tó. Ọkùnrin náà fa ẹrù rẹ̀ mọ́ra, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ sá lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ta àdìrẹ, ẹnikẹ́ni ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ojú mi báyìí ló ṣe ta aṣọ náà fún ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbé iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó fún mi ń pè lórí fóònù.

Ọmọ mi obìnrin ló bá mi wo inú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú owó náà lọ. Wọ́n kọ WEB sí i, wọ́n kọ lẹ́tà bíi mẹ́fà tí kò di ọ̀rọ̀ kankan, nọ́ńbà wá tò tẹ̀lé e bí ìjàlọ. Kò sí orúkọ èèyàn, kò sí orúkọ ọjà. Àlẹ́ẹ̀tì méjèèjì yẹn ò sì wọlé sórí fóònù mi, bẹ́ẹ̀ náírà mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń yọ fún àlẹ́ẹ̀tì! Wọ́n gba owó agogo, wọn ò lu agogo.

Mo gba báńkì lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn há mi mọ́ inú, ó ní irin wà lára mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo yọ ẹ̀gbà ọwọ́. Ìgbà tí mo wọlé tán, wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kejì, mo tò láti aago mẹ́jọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀, tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ, wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ san owó yìí fúnra yín." Èmi kẹ̀? Mo san án fún ta ni? Ó ní káàdì mi ni wọ́n fi san án. Mo ní kó dì káàdì náà pa, ó ní òun ti dì í pa. Ó gbé ìwé fún mi, mo kọ ọ́, ó ní kí n máa retí ìpè. Mo retí títí, wọn ò pè. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá kan ní kí n lọ bá ẹni tó gba owó náà.

Mo ní, "Ta ló gbà á, sà?"

Ó ní, "Kò hàn lọ́dọ̀ wa, mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ! Owó jáde lọ́dọ̀ wọn, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n gbé e fún. Àbúrò mi ní ó lè jẹ́ pé ọmọ mi fi káàdì náà sanwó nǹkan kan lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ni àwọn tó sanwó fún bá fi nọ́ńbà káàdì náà pa mọ́, tí wọ́n ń fi í gbowó lóṣooṣù. Bí mo bá ra tòmátì lọ́wọ́ èèyàn ní Kútọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó máa wá máa tọwọ́ bọ àpò mi lóṣooṣù ni?

Mi ò bá wọn jà lórí àwọn owó yòókù tí wọ́n ń yọ. 50 náírà tíjọba ń mú lórí tíráńsífà 10,000 sókè, mo mọ̀ ọ́n. 100 náírà lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn, láti oṣù kẹta ọdún 2025, mo mọ̀ ọ́n. VAT, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń san án. Oníbàárà á ní òun ti ṣe tíráńsífà, owó ò ní dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo ń fara dà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ló lórúkọ.

Nígbà tí àwọn ìyá wa jáde ní Abẹ́òkúta níbí ní 1947, tí ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn nítorí owó orí, wọ́n mọ ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ ọ̀nà ààfin ní Aké. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọrin, títí Ọba Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1948. Èmi ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ta ni n ó lọ jókòó sí? Ọ̀nà ibo ni ààfin WEB wà?

14,550 náírà ti lọ báyìí. Káàdì tí wọ́n ní àwọn ti dì pa náà ni wọ́n fi mú tòwúrọ̀ yìí. Ṣé irọ́ ni ọmọbìnrin yẹn pa fún mi ni?

Mo fẹ́ owó mi. Mo fẹ́ owó Márúwá àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fẹ́ owó iṣẹ́ ìgbéyàwó tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n sì mú ẹni náà wá sí Ìtòkú, ẹnikẹ́ni yòówù kó jẹ́, kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó sọ ohun tó tà fún mi. Lọ́la, n ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn kí wọ́n tó ṣí i.