Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ọmọ tí gìrì mú

Bí gìrì bá mú ọmọ ní àdúgbò, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ẹ mú ṣíbí wá o, kó má gbé ahọ́n rẹ̀ mì!" Ẹ̀yin òbí, kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Ọmọ lè fi eyín gé e jẹ lóòótọ́, àmọ́ egbò ahọ́n kì í pẹ́ jiná. Ṣíbí ló léwu: ó ń ya ètè, ó ń kán eyín, eyín tó kán sì lè bọ́ sí ọ̀nà èémí. Mo ti gba ọmọ tí gìrì ti fi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé wọ́ọ̀dù, tó jẹ́ pé ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni a ń tọ́jú.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn gba ṣíbí gbọ́ ni pé gìrì tí ibà ń fà, èyí tó ń mú ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó di ṣíbí mú nígbà náà á rò pé ṣíbí ló ṣe é.

Àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì mú ló ń dùn mí jù. Ewé tábà ni wọ́n ń rẹ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ayù, àlùbọ́sà àti ẹfinrin. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń dẹ́kun èémí. Bẹ́ẹ̀, kí ṣúgà lọ sílẹ̀ gan-an tó láti fa gìrì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, àní omi pàápàá.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ sì wo aago. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ wá ọkọ̀ kíá. Bó bá tètè dáwọ́ dúró, ẹ ṣì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, torí ibà tó wọ ọpọlọ àti yírunyírun náà máa ń mú gìrì wá.

Tí ẹ bá dé, ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, apá ibi tó kọ́kọ́ ń gbọ̀n, àti gbogbo ohun tí ẹ ti fún un, àgbo pẹ̀lú. A ò ní bá yín jà. Ṣúgà rẹ̀ la fẹ́ tètè yẹ̀ wò.