Ọ̀rọ̀ Elizabeth àti Mary kọjá owú obìnrin
N kò fara mọ́ ohun tí akọ̀ròyìn kan kọ, pé owú lásán ló wà láàárín Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Mary, ọbabìnrin Scotland. Margaret, ẹ̀gbọ́n Ọba Henry Kẹjọ tó jẹ́ bàbá Elizabeth, ni ìyá bàbá Mary, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà kò sì ka ìgbéyàwó tó bí Elizabeth sí rárá, nítorí náà lójú tiwọn, Mary gan-an ni adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ́ sí láti 1558 tí Elizabeth gorí ìtẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí Mary sá wá sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ fún ààbò ní 1568, àhámọ́ nǹkan bí ọdún 19 ló bá pàdé, wọn kò sì fojú kan ara wọn rí títí wọ́n fi bẹ́ Mary lórí ní 1587.