Ìjọba Kì í Ṣe Adímú: Ẹ Tètè Kéde Ọjọ́ Ẹ̀yọ̀

Ẹ̀yọ̀, ọdún ìbílẹ̀ Èkó, ti wá, ó ti lọ. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni wọ́n fi í sí, ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an, ìgbà tí owó ọkọ̀ òfuurufú láti London máa ń fò sókè, tí iyàrá òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó sì máa ń di ọ̀wọ́n. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọn tí wọ́n fi ṣe ìrántí. Jákàńdè àti Mobolaji Johnson, tí wọ́n ti ṣe gómìnà Èkó rí, tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ náà la tún ń sọ: ìgbà wo ni èyí tó kàn?

Oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, Ẹ̀yọ̀ jáde. Ó di 2025. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó wà ní Peckham ní London, tó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo ohun tí bàbá rẹ̀ wò, ọjọ́ wo ni yóò tọrọ ìsinmi fún lẹ́nu iṣẹ́?

Àwọn kan á ní ìṣẹ̀ṣe ni, pé ìdílé ló ń tọrọ Ẹ̀yọ̀ lọ́wọ́ Ọba. Òótọ́ ni. Ìṣẹ̀ṣe kúkú ní ìkéde tirẹ̀: lọ́jọ́ Sunday, Adímú onífìlà dúdú, àgbà nínú àwọn Ẹ̀yọ̀, á gbé ọ̀pá jáde, àwọn Ẹ̀yọ̀ ńlá yòókù, Lábà, Oníkò, Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ àti Àgẹ̀rẹ̀, á tẹ̀ lé e láti Monday dé Thursday, gbogbo Èkó á sì ti mọ̀ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn tó fún ará Ìta Fájì. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe Adímú! Ẹni tó fẹ́ kí àlejò ná dọ́là níbi eré kò gbọdọ̀ máa kéde bí ẹni tó ń pe ará ilé wá jẹun.

Èèwọ̀ ńkọ́? Obìnrin tó dirun ṣùkú, tó wọ sálúbàtà, tó bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà láìmọ nǹkan kan, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ó yẹ kí ìwé èèwọ̀ wà ní pápákọ̀ òfuurufú àti ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ìkìlọ̀ orí rédíò nìkan.

Ẹ wo ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin nítòsí wa: oṣù Kìíní ni ọdún Vodun, ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, lọ́dọọdún, kì í yẹ̀. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Ta ló ní wọ́n ba ìṣẹ̀ṣe jẹ́?

Kí ìjọba Èkó bá Ìgà Ìdúńgànràn, ààfin Ọba Èkó, àti àwọn ìgà yòókù jókòó lọ́dún yìí, kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún kan gbáko ṣáájú, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà tí wọ́n máa tì. Kí wọ́n má gbàgbé àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé yẹn láìsí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ.