Àwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ pé gálásì méje náà wà pa pọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pín in kiri pé àwòrán lásán ni àwọn onímọ̀ wò tí wọ́n fi sọ pé gálásì méje kan (gálásì ni àkójọ ìràwọ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ) ń kó jọ di agbo lẹ́yìn Abell 2744, agbo gálásì ńlá kan tó sún mọ́ wa jù wọ́n lọ. Irọ́ ni.

Òótọ́ ni pé awò awọ̀nàjíjìn Hubble ló kọ́kọ́ tọ́ka sí wọn. Ṣùgbọ́n ìfura lásán nìyẹn. Ohun méjì lè fara kanra lójú wa kí wọ́n sì jìnnà síra, bí òṣùpá ṣe ń dà bíi pé ó jókòó sórí igi àgbọn.

Lọ́dún 2023 ni ikọ̀ onímọ̀ sánmà Takahiro Morishita kéde ẹ̀rí gidi. NIRSpec, irinṣẹ́ kan lára awò awọ̀nàjíjìn James Webb, tú ìmọ́lẹ̀ gálásì kọ̀ọ̀kan sí àwọ̀ àwọ̀, bí òjò ṣe ń tú ti oòrùn di òṣùmàrè. Ọ́síjìn máa ń tan ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 500.7; tiwọn dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bíi 4,450, torí àgbáyé tó ń fẹ̀ ti nà án. Ìnà yìí là ń pè ní redshift; bó bá ṣe pọ̀ tó ni gálásì ṣe jìnnà sí wa tó. Ti àwọn méjèèje wà ní nǹkan bíi 7.9, torí náà ibì kan náà ni wọ́n wà lóòótọ́; ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ wọn jẹ́ bíi mílíọ̀nù 650 ọdún péré lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí. Àwòrán ti ṣini lọ́nà rí: wọ́n fojú bu redshift gálásì CEERS-93316 sí bíi 16, àfi ìgbà tí wọ́n wọn ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó já sí 4.9.