Hóódà Ẹ̀kọ Nínú Boxster

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bọ̀ọ̀dá wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ó ra mọ́tò Porsche Boxster tòkunbọ̀, ìyẹn ò kàn mí, owó ẹ̀ ni, àwa Ìjẹ̀bú ò kúkú ń bú ẹni tó bá náwó, ẹni tí ò bá ná an la máa ń bú. Hóódà fóònù tó fẹ́ gbé sínú ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Mọ́tò ọ̀hún wà lára èyí tí wọ́n ń ṣe láàárín 1996 sí 2004, ìjókòó méjì péré, ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, tó o bá fẹ́ gbé ìyàwó àtọmọ, ọ̀kan máa wọ ọ̀kadà. Ọdún 2007 ni iPhone àkọ́kọ́ jáde, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń ro ti fóònù nígbà tí wọ́n ń ya dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, kò sí ibi tó tẹ́jú lára ẹ̀, ó rí roboto bí ẹ̀yìn ahun. Hóódà tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bọ̀ọ̀dá ní ti onítakisí nìyẹn. Èyí tó ń há mọ́ ẹnu éésì ńkọ́? Ó ní ó máa já a, páàtì ẹ̀ sì wọ́n. Àfi kí wọ́n wọn ti òun, bí ìgbà tí wọ́n ń wọn aṣọ Ojúde Ọba.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn mọ́tò. Ọmọkùnrin kan tó ní 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan, gbé rúlà dé, ó ń gé páálí indómì, ó ń kì í bọ ẹ̀gbẹ́ rédíò, ó ń yọ ọ́, bọ̀ọ̀dá dúró tì í, "dín in kù bíńtín, àbúrò, dín in kù bíńtín sí i." Odidi ọjọ́ Sunday méjì! Ó sì ti ń ràn o. Ọ̀kan ní Ṣágámù fi igi ọ̀gánwó gbẹ́ tiẹ̀, Corolla ni mọ́tò ẹ̀ o, ẹlòmíì fi awọ wé tiẹ̀, ó rán orúkọ ìnagijẹ ẹ̀ sí i lára.

Kí sì ni wọ́n ń wò nínú fóònù yẹn gan-an? Máàpù. Láti Ìmọ̀wò sí Ìtòrò! Ìlú tí wọ́n bí i sí, tó ti ń ta táyà kiri ládùúgbò látìgbà tó wà ní kékeré, obìnrin inú fóònù ló wá ń júwe ọ̀nà fún un, tó ń pe títì Folagbade bí ẹni ń pe orúkọ oògùn ibà.

Ibi tó ti wá pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Ọmọkùnrin yẹn ní ike tó dáa fún inú mọ́tò ni ASA tàbí ABS, kì í tètè rọ̀ nínú ooru, àmọ́ owó ẹ̀ máa ju ti ike mìíì tí wọ́n ń pè ní PLA lọ. Ẹni tó ra Boxster bẹ̀rẹ̀ sí í nájà! Ó ní PLA tó. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń ṣe PLA, ọmọ náà ní àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Mo ní a jẹ́ pé ẹ̀kọ lẹ fẹ́ gbé fóònù lé. Bọ̀ọ̀dá ní ìlara ló ń ṣe mí.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, ló páàkì mọ́tò sínú oòrùn láti àárọ̀, a lọ ń wo àwọn ẹlẹ́ṣin àtàwọn regbérégbé. PLA ò gbà ju nǹkan bí 60°C lọ tó fi ń rọ̀, inú mọ́tò tí wọ́n tì pa sínú oòrùn ní tiẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn. Nígbà tá a padà dé, hóódà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún rédíò. Mo ní ó lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹni tó ni ín lọ.

Kò gbọ́, ó fọwọ́ gbé e nàró, ó gbé fóònù lé e, a gbéra. Gbàm, a kó sí kòtò, fóònù jábọ́, ó yí lọ há sábẹ́ bíréèkì, bọ̀ọ̀dá tẹ bíréèkì kò lọ, mo ké, ìyá ẹlẹ́kọ kan etí títì (ẹlẹ́kọ o!) gbé igbá ẹ̀ sá, Ọlọ́run ló ní ká kó sínú yanrìn tí wọ́n kó kalẹ̀ fún bílọ́ọ̀kì.

Ṣé ẹ rò pé ó ti jáwọ́? Èmi ni hóódà báyìí. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lánàá, mo na fóònù sókè títí apá fi ń ro mí, máàpù ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, fídíò ló wà níbẹ̀, ó ní, "Àbúrò, sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, àmì Porsche ara sítíárìn ò hàn."