Ìwé yìí ò parí o

Ẹ gbà mí o, oṣù kẹta rèé tí mo ti ń ka ìwé kan ṣoṣo, mi ò tíì dé ìdajì. Bàbá kan ló wa mọ́tò já sódò, ọmọ ẹ̀ kú sí i, òun yè é, ọmọ yẹn wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lálaalẹ́, omi ń kán lára ẹ̀ tó, tó, tó, kò ní sọ̀rọ̀, bàbá á ní "èmi ni mo pa á", á bú sẹ́kún, ó tán, ó di ọjọ́ kejì. Ní péèjì 40 èmi náà sunkún, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n péèjì 140 ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà!

Nílé wa n'Ílọrin ńbí, tó o bá lálàá òkú lẹ́ẹ̀mejì péré, ìyá mi á ti ní kó o lọ ṣe sàráà, wọ́n á pe àfáà, wọ́n á ṣàdúà, wọ́n á pín màsà fáwọn ọmọdé. Bàbá yìí ò tiẹ̀ bi ọmọ ẹ̀ pé kí lo fẹ́!

Tí mo bá sì ní kí n jù ú sílẹ̀, ojú ọmọ yẹn ò ní jẹ́ n sùn, àfi bíi pé èmi ni mo wa mọ́tò (iná ò sì kí ń sí ládùúgbò wa ní Tankẹ lálẹ́, ẹ ṣáà mọ̀). Ọ̀rẹ́ mi tó yá mi níwèé wá ń bi mí ní gbogbo Jímọ̀ọ́, ṣé o ti parí ẹ̀? Mo ní ó ku díẹ̀.