Mílíìkì kì í fọ ẹ̀dọ̀fóró

Ìdájí ọjọ́ kan ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, ariwo ló jí mi. Wọ́n ti fa ọmọkùnrin kan jáde láti inú yàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni jẹnẹrétọ̀ wà, láti alẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni. Orí ń fọ́ ọmọ náà, ó ń bì, ojú rẹ̀ ń yí lọ. Kí n tó dé ibẹ̀, màmá rẹ̀ ti ń fi ṣíbí ya eyín rẹ̀, epo pupa ń ṣàn bọ́ sórí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹlòmíràn ti sáré lọ ra mílíìkì agolo. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́! Ẹ jẹ́ ká gbé e bọ́ sí gbangba!” Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò láàánú.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà pé mílíìkì àti epo pupa ń pa májèlé. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí mílíìkì àti èéfín ń gbà wọ ara. Ohun tí a bá mu, ikùn ló ń lọ. Èéfín tí a bá fà símú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Mílíìkì tó wà níkùn kò lè fọ èéfín tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Gáàsì tó ń pani nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò hàn sójú náà lè pani. Haemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara wa. Gáàsì yìí máa ń dì mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, bí èrò tó ti jókòó sínú ọkọ̀ tó sì kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ ló ń lé e. Bí ènìyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń tó wákàtí 4 sí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lẹ́jẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn inú sílíńdà sí i nímú nílé ìwòsàn, ó lè má ju wákàtí kan sí kan ààbọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa fi àkókò ṣòfò lórí agolo mílíìkì.

Àwọn tó ń fín oògùn apakòkòrò sí kòkó lọ́nà Ìdànrè náà máa ń sọ nípa mílíìkì pé, “Mo ti mu ún, ó ṣiṣẹ́.” N kò pè wọ́n ní onírọ́. Ẹni tó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀, tó kúrò nínú oògùn, tó jókòó síbi tí atẹ́gùn wà, ara rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. Mílíìkì tu ọ̀fun tó gbẹ, ó wá gba ọpẹ́ atẹ́gùn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ẹ̀wù tí oògùn rin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń mu mílíìkì náà, oògùn yẹn sì ń gba awọ ara wọlé. Kí ó bọ́ ẹ̀wù yẹn, kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ike oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Epo pupa tiẹ̀ burú jù. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tí a bá rọ́ sí i lẹ́nu lè yà sí ọ̀nà èémí, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì dá àìsàn mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀.

A gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Ní ọjọ́ kejì ó béèrè ẹ̀bà. Màmá rẹ̀ bi mí pé, “Ṣé kì í ṣe epo yẹn ló gbà á?” Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn. Wọn ò dá mi lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí àwọn àti ọmọ wọn àgbà, wọ́n ń ti jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tó jìnnà sí fèrèsé.